Ta Ló Kà Á? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Pódíkáàsì Wa ní Ìkòròdú

Ìbéèrè yín pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jọra. Mo ti ṣa àwọn tó ń wá léraléra jọ síbí, títí kan ti àwọn tó kọ́kọ́ bú wa kí wọ́n tó béèrè. Ẹ wo orí ìbéèrè, kí ẹ fo èyí tí kò kàn yín.

Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: kí lẹ ń ṣe gan-an?

Akọ̀ròyìn ni mí. Ìwé ìròyìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ̀wé nípa ọrọ̀ ajé àti ètò ìjọba. Ní báyìí, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni èmi àti àlejò kan máa ń jókòó ti gbohùngbohùn, tí a ó sì mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: òfin tuntun, owó iná, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdí tí náírà fi ń fò sókè sódò. A ó tú u palẹ̀ ní Yorùbá. Kì í ṣe ètò tí àwọn olóṣèlú ti ń bú ara wọn o. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn, rédíò òwúrọ̀ pọ̀ fún un.

Ṣé rédíò ni? Fóònù mi kéré, dátà sì ti gbówó lórí.

Kì í ṣe rédíò, torí kò ní àkókò tó lè fò yín. A ti gbà á sílẹ̀, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fà á sórí fóònù nílé, kí ẹ wá máa gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì láti Gáréèjì lọ sí Máìlì 12 láìná dátà kankan lójú ọ̀nà. Ó wà lórí Spotify àti YouTube, a sì ń fi sórí WhatsApp fún àwọn tí kò fẹ́ wàhálà.

Ní ti dátà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tiwa, kò sí orin ńlá níbẹ̀, nítorí náà a máa ń fún un pọ̀ sí kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ètò wákàtí kan kì í ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 29 lọ. Bí ẹ bá ń wò ó lórí YouTube pẹ̀lú àwòrán, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má fi owó yín ṣòfò. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ fóònù, ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 ni a ti ń ṣọ́ bí ètò wa ṣe tóbi tó.

Kí ló dé tó jẹ́ Ìkòròdú lẹ jókòó sí? Abuja nìjọba àpapọ̀ wà, Ìkẹjà ni ti Èkó.

Abuja ni wọ́n ti ń buwọ́ lu ìwé. Ibi tí ìwé náà ti ń ba èèyàn ni mo fẹ́ wà.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin, lápá Ìjẹ̀dẹ́. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ló ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni wọ́n tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi, ooru omi náà ló ń yí ẹ̀rọ, omi ọ̀sà ni wọ́n sì fi ń mú un tutù. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ lè rí òpó èéfín rẹ̀ lójú fèrèsé, kó sì tún máa tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́. Kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó báyìí nígbà tí mo bá sọ pé akọ̀ròyìn ni mí: "Ẹ̀gbọ́n, iná tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa, ta ni wọ́n ń gbé e fún?"

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iná Ẹgbin kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé aládùúgbò. Orí wáyà ńlá onífóólìtì 330,000 ló máa kọ́kọ́ gùn, kó lọ dara pọ̀ mọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ń darí láti Òṣogbo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tà á, àwọn yẹn á pín in sórí àwọn wáyà àdúgbò, wáyà kọ̀ọ̀kan á sì ní Báǹdì tirẹ̀, ìyẹn ìsọ̀rí tó ń sọ iye wákàtí tó yẹ kó fi ní iná lójúmọ́. Ní Oṣù Igbe 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, gbé owó Báǹdì A láti ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan, wọ́n sì dín in sí ₦206.80 ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń san iye yẹn gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́.

Nígbà tí a ṣe ètò lórí rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ iná kan jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún mi, wẹ́dà kan láti Odògùnyàn jókòó ní òsì. Onímọ̀ ẹ̀rọ ṣàlàyé títí. Wẹ́dà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ta ló ń ka wákàtí 20 náà?" Ó ní òun ń kà á ní tòun. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: ìgbà tí iná dé, ìgbà tó lọ, ìlà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun títí dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó ti yà á sórí fóònù, ó gbé e lé tábìlì. Onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn wò ó, ó ní ẹni tó bá ní irú àkọsílẹ̀ báyìí ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́ láti gbé lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso iná. Ohun tí mo ń ṣe ní Ìkòròdú nìyẹn. Abuja ò ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

Ilé ìlọrẹsì Ìmọ̀tà náà wà níbẹ̀. Buhari ló wá ṣí i ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, wọ́n ní ó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Àwọn ará ọjà ń béèrè ìdí tí ìrẹsì kò fi di ọ̀pọ̀. Ẹ̀rọ kì í gbin ìrẹsì. Ó nílò ìrẹsì oníkarahun lọ́pọ̀ yanturu, ilẹ̀ Èkó kéré, èyí tó pọ̀ jù ní láti wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, lórí ọkọ̀ tó ń mu dísù. Iye tí wọ́n tà á lóko àti iye owó ọkọ̀ ló ń pinnu ohun tí ẹ ó san, kì í ṣe bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń dán tó.

NBS, àjọ tó ń ka òǹkà fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti já wálẹ̀. Gàrí ò já wálẹ̀. Ta ló ń purọ́?

Ìbéèrè yìí ló gba ipò kìíní, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí i.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má purọ́. Ìdá tí àjọ NBS ń kéde kì í ṣe iye owó ọjà, bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè ni. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní kóńgò gàrí jẹ́ ₦1,000 lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì ó di ₦1,340: ọ̀wọ́ngógó jẹ́ ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún kẹta ó di ₦1,660: ọ̀wọ́ngógó ti "já wálẹ̀" sí nǹkan bí ìdá 24. Ìjọba á jó. Ṣùgbọ́n ₦660 ti lé lórí gàrí yín láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó padà. Kí gàrí tó wálẹ̀ ní tòótọ́, ìdá náà ní láti já kọjá òdo.

Ìyẹn ni apá kìíní. Apá kejì ló kọ ọ̀pọ̀ èèyàn lóminú. Ní Oṣù Ọ̀pẹ 2024, ìdá tí NBS kéde jẹ́ 34.80. Ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, ó di 24.48. Oṣù kan péré! Kò sí ọjà kankan ní Nàìjíríà tó já bọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Ohun tó yí padà ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe ìṣirò. Tẹ́lẹ̀, ọdún 2009 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀; wọ́n wá sọ ọ́ di 2024. Oríṣi ọjà tí wọ́n ń wò fò láti 740 sí 934. Oúnjẹ, tó kó ju ìdajì ìṣirò náà lọ tẹ́lẹ̀, wá di nǹkan bí ìdá 40.

Ṣé ó burú kí wọ́n tún un ṣe? Rárá. Orílẹ̀-èdè tó bá fi ọdún 2009 wo ọjà 2025 ń fi aṣọ ọmọdé wọn àgbàlagbà ni. Ní 2009, ta ló ń ra dátà lójoojúmọ́? Ibi tí mo ti ní ẹ̀dùn ọkàn ni bí àwọn aláṣẹ ṣe gbé òǹkà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló já a wálẹ̀. Òǹkà tí a kò kà lọ́nà kan náà kò ṣeé fi wéra. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó ń gbé yàrá kan ládùúgbò Ágíríìkì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin kò ná ìdá 40 owó rẹ̀ lórí oúnjẹ. Tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdá tí NBS kà jẹ́ ti gbogbo wa lápapọ̀, kì í ṣe ti ilé kankan.

Ọ̀rọ̀ kóńgò náà tún wà níbẹ̀. Mo gbé òṣùwọ̀n lọ sí ọjà Sábó fún ètò yẹn. Kóńgò ìyá alágàrí àkọ́kọ́ àti ti ìkejì jọ ara wọn lójú, iye owó kan náà ni wọ́n pè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ti ìkejì dojú dé, ìdí rẹ̀ ti wọnú bí àwo ọbẹ̀. Òòlù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kọ iye owó kóńgò sílẹ̀ láì gbé gàrí inú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n máa sọ pé owó ò yí padà. Ìyá náà rí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àmọ́ ó ti fi kóńgò náà sábẹ́ tábìlì.

Kí ló kan ẹlẹ́ja ní Ẹ̀bútẹ̀ pẹ̀lú owó èlé tí báǹkì àpapọ̀ gbé sókè?

Ó kàn án, ṣùgbọ́n ó jìn díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Oṣù Agẹmọ 2023, ìdá 18.75 ni CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀, fi owó èlé sí. Ó fò sí 22.75 ní Oṣù Èrèlé 2024, ó sì dé 27.50 kí ọdún náà tó parí. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2025 ni wọ́n tó dín in sí 27. Báǹkì ńlá á fi tirẹ̀ lé e, báǹkì kéékèèké tó yá owó lọ́wọ́ wọn á tún fi tirẹ̀ lé e, nígbà tó bá fi máa di owó gbọ́múlé-láńtà tí ẹlẹ́ja ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ti di òkè.

Ohun tí CBN ń wá ni kí owó tó ń lé ọjà kiri dín kù, kí àwọn tó ní dọ́là sì rí èrè nínú fífi owó wọn sínú náírà. Ó ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé dísù àti ọ̀nà tó bàjẹ́, tàbí àgbẹ̀ tí kò lè dé oko nítorí àwọn ajínigbé, ló gbé owó ẹja àti ata gòkè, kò sí owó èlé tó lè tún ọ̀nà ṣe. Èrò tèmi nìyẹn, àwọn àlejò wa kan sì ti bá mi jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ ò sọ tiyín rí lórí epo. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn kí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, àbí ẹ ò fara mọ́ ọn?

Mo ti sọ ọ́, ẹ lè má gbọ́ ètò yẹn. Ní ọjọ́ 29, Oṣù Èbìbí 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, epo tó jẹ́ ₦185 ní ilé epo NNPC l'Ékòó ti di ₦488. Owó ọkọ̀ Ìkòròdú sí Máìlì 12 kò dúró gba àlàyé kankan.

Mo gbà pé owó ìrànwọ́ náà ń jò. Ẹni tó bá mọ Badagry dáadáa mọ ibi tí epo olówó pọ́ọ́kú yẹn ń gbà kọjá lọ sí orílẹ̀-èdè Benin. Ohun tí mi ò gbà ni yíyọ ọ́ ní ọjọ́ kan láì sí bọ́ọ̀sì, láì sí ètò, láì sí ìwé tó sọ ibi tí owó tí a fi pamọ́ ń lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa béèrè báyìí súnmọ́ ilé ju Abuja lọ. Láti ìgbà náà, owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ń pín lóṣooṣù ti pọ̀ sí i gan-an, ìdá 20.60 nínú owó àpapọ̀ ló sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìpín. Wọ́n ń tẹ iye náà jáde. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11, Oṣù Agẹmọ 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ gbé iye oṣù tó kọjá dání lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín, kí ẹ bi í nípa gọ́tà àdúgbò.

Èèyàn mélòó ló wà ní Ìkòròdú?

Ìkànìyàn ọdún 2006 ni ó kẹ́yìn, a ò sì tíì ṣe òmíràn. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ní 2006, àjọ àpapọ̀ kà 535,619 fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú. Ìpínlẹ̀ Èkó kọ̀ ọ́ jálẹ̀ nígbà náà: àjọ àpapọ̀ ní Èkó jẹ́ 9,013,534, Èkó ní àwọn kà tiwọn, 17,552,940 ló jẹ́. Ìpínlẹ̀ kan náà, ọdún kan náà, ìyàtọ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo sọ "nǹkan bí" lórí ètò nípa iye èèyàn, ìdí nìyẹn.

Ẹ̀yin kì í ṣe dókítà. Kí lẹ wá dé ọ̀rọ̀ ìlera àti sáyẹ́ǹsì fún?

A kì í juwe òògùn fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wa ni láti béèrè ohun tí ẹ̀yin ì bá béèrè bí dókítà bá ní àkókò.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Oṣù Ọ̀wàrà 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kíá ni ohùn kan ti ń rìn lórí WhatsApp pé abẹ́rẹ́ àìrọ́mọbí ni. Àwọn ìyá kan kọ̀ láti rán ọmọ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ òògùn òkè òkun kan dán òògùn wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírùnyírùn, mọ̀ pé ìfura wa kò ti inú afẹ́fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ìfura ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kì í ṣe òpin rẹ̀. Nítorí náà a pe nọ́ọ̀sì kan àti ìyá kan tó ti kọ̀, a sì jọ wo ohun tó wà nílẹ̀. Kòkòrò HPV máa ń ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Oríṣi 16 àti 18 ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láti 2006 ni abẹ́rẹ́ náà ti wà. Ní Sweden, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé àwọn tí wọ́n gún kí wọ́n tó pé ọdún 17 bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà ní ìdá 88 ju àwọn tí wọn ò gún lọ. Ní ti àìrọ́mọbí, Australia ti ń gún un láti 2007, àwọn ọmọbìnrin ìgbà yẹn ti ń pọn ọmọ tiwọn báyìí.

Nọ́ọ̀sì náà kò fi àléébù rẹ̀ pamọ́: apá á dùn wọ́n, ara lè gbóná díẹ̀, òòyì lè kọ́ ọmọ mìíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá yẹn ní kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún òun tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìjọba ti ń ṣe àṣìṣe jù: wọ́n ń rò pé bí àwọn bá mẹ́nu kan àléébù kékeré, àwọn èèyàn á sá. Àìmẹ́nukàn án gan-an ló ń lé wọn.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ṣé májèlé ni?

Rárá. Ìkìlọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní Oṣù Òkúdù 2023 jẹ́ nítorí àrùn anthrax tó bẹ́ sílẹ̀ lára ẹran ní àríwá Ghana. Wọ́n ní ká yẹra fún awọ, ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́ títí àrùn náà fi máa rọlẹ̀. Nígbà tó máa dé Ìkòròdú, ó ti di "pọ̀nmọ́ ń pa èèyàn".

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń tún sọ: bí ẹnì kan bá ní nǹkan kan sọ ewu di ìlọ́po méjì, ẹ bi í pé ìlọ́po méjì kí ni. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan nínú 10,000 tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì nínú 10,000. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló máa lé yín kúrò nídìí àwo.

Báwo lẹ ṣe ń yan àlejò?

Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà la ń wá, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí Twitter. Fún ọ̀rọ̀ omi tàbí ilẹ̀, a lè lọ sí Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà níbí, èyí tó jẹ́ Pólì tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ìgbà, a máa ń wá ẹnì kejì tí ọ̀rọ̀ náà kàn lára: apẹja, awakọ̀, olùkọ́, aláta. A kì í sanwó fún àlejò. Owó ọkọ̀ nìkan, àti omi tútù bí iná bá wà.

Níbo lẹ ti ń rí ìwé ìjọba tí ẹ máa ń kà?

Èyí tó pọ̀ jù wà ní gbangba. Ẹni tó máa kà á ló ṣọ̀wọ́n. Èyí tí kò sí, a ń kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀, ẹ̀yin náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin òmìnira láti gba ìròyìn, tí gbogbo ayé ń pè ní FOI, ti wà láti 2011. Ẹ kò ní láti jẹ́ akọ̀ròyìn, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni ilé iṣẹ́ ìjọba ní láti fún yín lésì. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ọ̀rọ̀ náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ̀ láìnídìí lè san ìtanràn ₦500,000. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin àpapọ̀ kò de àwọn. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti parí ìjà yẹn ní Oṣù Igbe 2025: ó de gbogbo wọn.

Ní ìṣe, ẹ múra láti lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ tẹ lẹ́tà yín ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Akọ̀wé iwájú ọ́fíìsì á ní kí ẹ fi í sílẹ̀, pé òǹtẹ̀ ò sí, pé ọ̀gá ti jáde. Ẹ jókòó. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì dìde. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á. Ẹ béèrè ohun kan pàtó: "iye tí ẹ san fún gọ́tà òpópónà báyìí, àti orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà" dára ju "gbogbo ìwé nípa iṣẹ́ àgbàṣe" lọ.

Ta ló ń gbọ́ bùkátà yín? Ẹ má ní olóṣèlú kankan ò sí lẹ́yìn yín.

Kò sí. Àwọn olùgbọ́ kan ń dáwó díẹ̀díẹ̀, àwọn oníṣòwò àdúgbò kan ń polówó ọjà, mo sì tún ń kọ̀wé fún àwọn ìwé ìròyìn. A kì í gba "owó mọ́tò" níbi ìpàdé oníròyìn, a kì í sì jẹ́ kí ẹni tó polówó gbọ́ ètò kó tó jáde.

Ẹ̀rù ò máa bà yín? Wọ́n ń mú oníròyìn o.

Ó máa ń bà mí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, abala 24, ni wọ́n fi mú ọ̀pọ̀. Wọ́n ti tún abala yẹn ṣe ní 2024, ó sì dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ lójú mi. Ìdáàbòbò tí mo ní ni ìwé: kò sí òǹkà tí mo ń sọ tí n kò lè fi ibi tó ti wá hàn, kò sì sí ẹni tí a dárúkọ tí a kò kọ́kọ́ pè kó sọ tẹnu rẹ̀.

Kí ló ń dún lẹ́yìn ohùn yín? Jẹnẹrétọ̀ ni àbí àkùkọ?

Méjèèjì. Yàrá kan ni a ń lò. Mátírẹ́ẹ̀sì kan gbára lé ògiri, kọ́tìnnì tó nípọn bo fèrèsé, ẹ̀rọ inverter ló ń gbé gbohùngbohùn. Àwọn ará ilé ò lè pa jẹnẹrétọ̀ tiwọn nítorí wa. Bí NEPA bá mú iná dé lójijì, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé gbogbo àdúgbò pariwo pa pọ̀. Mo ti gé e kúrò títí, ó sú mi, mo fi í sílẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ń ṣàlàyé àìtó iná lọ́jọ́ kan nígbà tí ariwo yẹn sọ, ó sì dákẹ́, ó ní òun ti parí ọ̀rọ̀ òun.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tèmi. Kí ni mo nílò?

Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa, yàrá tó ní aṣọ púpọ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ má ra gbohùngbohùn olówó ńlá ṣáájú. Àwọn tó kọ́kọ́ ra á ni mo sábà ń rí tí wọ́n ń tà á.

Báwo ni mo ṣe lè fi ìbéèrè tàbí ẹ̀rí ránṣẹ́?

Fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ sọ àdúgbò yín: Ìgbògbò, Bàyékù, Ìjẹ̀dẹ́, Ìmọ̀tà, Owútù, ibikíbi. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti owó, ẹ sọ iye rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ san án, àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí bíìlì tàbí rìsíìtì bá wà, ẹ yà á kó hàn dáadáa, kí ẹ sì fi ìka bo orúkọ àti nọ́ńbà yín. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fi ohùn náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ sọ ẹni tó fi ránṣẹ́ fún wa kí a tó gbọ́ ọ. Èyí tó bá wá láti "wọ́n ní", a ó kọ́kọ́ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.